Ìṣẹ́tí Òkun

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan mo ti ṣọ́ọ̀bù pa,
mo mú ìyá ìyàwó mi lọ wo òkun ní Àgbádárìgì.
Ilé Olújì ni wọ́n ti wá. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
odò tó jinlẹ̀ jù tí wọ́n wọ̀ rí
kò mù wọ́n kọjá itan.

Ní èbúté, Sẹtọ́njí ọlọ́kọ̀ kó jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn fún wa,
ó ń rùn bí epo àti ẹja àná.
Ìyá yí tiwọn padà, wọ́n wo ojú rírán rẹ̀,
wọ́n ní, "Ọláníhún, ẹni tó rán èyí ò bẹ̀rù Ọlọ́run."
Òótọ́ ni. Òwú ti já lápá òsì.
Mi ò sọ fún wọn pé òun la fẹ́ kó ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́.

Ọ̀sà dákẹ́ bí ọmọ tó jẹ̀bi.
Ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́,
àwọn igi àgbọn òdìkejì ń ga díẹ̀díẹ̀
bí ẹni tó ń dìde lórí ẹní.
Ìyá di etí bùbá mi mú.
Nígbà tí a ó fi gúnlẹ̀, etí bùbá ti tú.

Gbẹ̀rẹ́fù. Iyanrìn ń gbé bàtà mì.
Ọmọbìnrin kan, Sẹ̀nami, ṣí àgbọn fún wa,
ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló sọ àdá, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá.
Ó kí wa lédè Ègùn, ó tún un kí ní Yorùbá,
ó fún mi ní ṣéńjì tó tutù fún omi àgbọn.

Ọ̀nà tí a gbà, àwọn kan ti gbà á rí
tí wọn ò padà.
Ọkùnrin tó ń mú àlejò kiri
sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà níwájú wa.
Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ya fọ́tò.
Ìyá bọ́ bàtà. Mo ní, "Kí ló dé, Ìyá?"
Wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n ti bàtà bọ abíyá,
wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín dópin.
Èmi náà fẹ́ bọ́ tèmi.
Iyanrìn gbóná. Mi ò bọ́ ọ.

Àfi bí a ṣe yọ sí i.
Òkun.
Ìyá kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o,"
bí ẹni tó bá àgbà lẹ́nu iṣẹ́.
Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ta ló ń tì í?"
Mo ní atẹ́gùn ni. Mo ní òṣùpá náà ń dá sí i.
Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe wò mí
lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ ọmọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí télọ̀ ṣe rí i:
aṣọ búlúù kan ni, kò síbi tí wọ́n ti gé e,
ẹnì kan sì wà nídìí rẹ̀ tó ń fi òwú funfun ṣẹ́ ẹ létí,
ó ṣẹ́ ẹ tán, ó tú u, ó tún ṣẹ́ ẹ.
Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ránṣọ,
mi ò pàdé oníbàárà tó le tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá gbé bàtà kalẹ̀, wọ́n fẹ́ bu omi sínú ike.
Ìgbì kan wá, ó mú ẹsẹ̀ kan lọ.
Mo sáré tẹ̀ lé e, omi gba sòkòtò mi dé orúnkún.
Ìyá ń rẹ́rìn-ín, gèlè wọn ti fẹ́ já bọ́.
"Fi í sílẹ̀! Ó fẹ́ mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi ni."

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Iyanrìn ṣì ń jáde lápò sòkòtò náà, ó ń bọ́ sórí ẹ̀rọ mi,
mò ń gbọ́ ọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.
Ìyá pè mí lánàá láti Ilé Olújì.
Wọ́n ní omi inú ike ti dákẹ́ jù,
àwọn ń mì í láràárọ̀
kó má baà gbàgbé.