Òkúta Ìsokọ̀

Ẹni tó bá sọ pé Abẹ́òkúta kò ní èbúté rí,
ẹ mú un wá sí ìsàlẹ̀ Láfẹ́nwá lóṣù Ẹrẹ́nà,
nígbà tí odò Ògùn bá fà sẹ́yìn bí erìgì arúgbó,
tí àpáta wá yọ síta, eyín mélòó kan tó kù.
Ẹ ní kó fọwọ́ kan òkúta pẹlẹbẹ
tó wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò.
Ojú okùn wà lára rẹ̀, ó jìn tó ìka méjì.
Kì í ṣe ọ̀bẹ ló gbẹ́ ẹ.
Okùn ni. Okùn tútù, okùn gbígbẹ, fún ogójì ọdún.

Ṣówẹ̀mímọ́, bàbá tó bí bàbá ìyá mi,
ga, ó sì gbẹ, bí ọ̀pá tó fi ń tukọ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta ni àlọ sí Èkó bí omi bá kún,
ọjọ́ méje ni àbọ̀,
nítorí odò kì í sin ènìyàn lọ kó tún sin ín bọ̀.
Àlọ: àgbá epo, àpò èkùrọ́,
òwú tí wọ́n dì bí ọmọ tuntun.
Àbọ̀: iyọ̀, ìṣó, dígí, àwo tánganran,
àti lẹ́ẹ̀kan, dùrù ìjọ kan tó já sómi.
Wọ́n sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì,
síbẹ̀ wọ́n ní kò yéé dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú.

Efúnwàpé aya rẹ̀ ló ń ka ẹrù.
Kò mọ ìwé. Èédú ló fi ń fa ìlà sára ògiri:
ìlà òró, àgbá; ìlà ìbú, gbèsè.
Lóru ọjọ́ kan òjò fọ ògiri náà mọ́ féfé.
Ilẹ̀ mọ́, ó dúró sójú ọ̀nà,
ó dárúkọ onígbèsè mẹ́tàdínlógún láìwo ibì kan.
Gbogbo wọn ló san, àfi ẹnì kan,
tí a kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa títí dòní.

Nígbà tí wọ́n ń to irin rélùwéè bọ̀,
Ṣówẹ̀mímọ́ wà lára àwọn tó gbé irin gba orí omi wá.
Sílè méjì lórí ẹrù kan.
Ó ń ru pósí ara rẹ̀, kò mọ̀.
Ta ni ìbá mọ̀? Owó ni, ó gbà á.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ilẹ̀ kọ́kọ́ fọn fèrè,
tọmọdé tàgbà sáré lọ wò ó.
Òun jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ariwo.
Efúnwàpé ní, "Ṣé ẹ ò ní wò ó ni?"
Ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù. Báwo ni yóò ṣe mọ̀nà?"

Ó mọ̀nà.
Àwọn oníṣòwò kò bú bàbá náà o,
wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láti òkèèrè.

Ọkùnrin mẹ́fà ló yí ọkọ̀ náà wá sẹ́yìnkùlé wa.
Àwọn ìyàwó ilé da omi sí i, wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́.
Láfún tí mo jẹ dàgbà, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti wá,
bóyá ìdí nìyẹn tí n kò fi lè jókòó sójú kan.
Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá mi fi gbé okùn aṣọ dúró.
Ní Sátidé, bí afẹ́fẹ́ bá wọnú aṣọ ìbora,
ọ̀pá náà a tẹ̀ síwájú díẹ̀,
bíi pé ẹnì kan ṣì ń fi í wá ìsàlẹ̀ omi.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ wo òkúta náà.
Ọmọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò, Múfútáù,
bi mí pé kí ni mo sọnù.
Mo fi ojú okùn hàn án.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, èmi rò pé
wọ́n gbẹ́ ẹ fún ọṣẹ ni."
Ọṣẹ rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́,
ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.