Àga Ìyá Mopélọ́lá

Èmi ni mo ya ojú àwo tàkasúfèé Akíntádé,
mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Nínú ti àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ jókòó
sórí àga rọ́bà aláwọ̀ ewé ní Òkè-Àró,
sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.
Ikọ́ rẹ̀ ló kẹ́yìn orin;
a gbàgbé láti gé e kúrò.

Nínú èkejì, àga nìkan
létí odò Àlà, omi mu ún dé orúnkún.
Kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú àwo yẹn.
Àwọn ọmọ FUTA ní ìtẹ́ ọba ni,
pé ìjọba ló ń rì.
Ìjọba wo?
A yá àga lọ́wọ́ Ìyá Mopélọ́lá ni,
ó sì ń bèèrè rẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀kẹta jáde lánàá.
Ẹsẹ̀ àga kan ti kán, a fi wáyà so ó.
Akíntádé rọra jókòó lé e
bí ẹni tó jókòó lé itan àgbà.
Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ orin.
Mo ní, "O tún lo ti Bàbá?"
Ó mirí. "Tèmi ni."

Mo gbé fóònù fún Ìyá Mopélọ́lá.
Ó fà á súnmọ́jú, ó wò ó pẹ́:
"Ta ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ àga mi?"