Kí Lò Ń Gbọ́?

Lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ní ìsọ̀ Múfútàù
tó ń tún rédíò ṣe ní Pàkátà,
a kì í kí ara wa pẹ́ títí.
"Kí lò ń gbọ́?" ni ẹnu fi ń là.

Sàlámì ahunṣọ-òfì gbé àwo dadakúàdà kan wá,
ó fi etí ẹ̀wù nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ.
Ó ní orin kẹta lójú kejì
ló ń bá òun ju ọ̀kọ̀ láti ọjọ́ Ajé;
aṣọ oníbàárà ti gùn ju àdéhùn lọ.

Ráfátù na fóònù tirẹ̀ sí wa:
ọmọbìnrin Ọ̀fà kan, jìtá nìkan, kò sí ìlù.
Bàbá Ṣẹhu yọ ṣùtì.
"Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ rèé."
Ó ní ká tún un gbé sí i.
Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó wá kàn mí.
Kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi ni mo mú dání,
wákà ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀
kó tó gba wáàsí lé e lórí
lọ́dún tó ti Mẹ́kà dé.
Wáàsí ń lọ. Ààfáà wúkọ́. Àkùkọ ẹnì kan kọ.
"Ẹ ní sùúrù," ni mo wí.

Lójijì, obìnrin kan yọ orí lábẹ́ ọ̀rọ̀,
ó kọ ìlà kan àtààbọ̀,
wáàsí sì pa á dé.

Kò sẹ́ni tó fọhùn.
Sàlámì ní, "Dá a padà sẹ́yìn."

Bóyá ìka bàbá mi ló ṣèèṣì.
Bóyá kò ṣèèṣì.