Ìwé Kànga

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wakọ̀ fún Dókítà Ládùntán.
Mo mọ bàtà òjò wọn, rọ́bà aláwọ̀ ewé,
tòsì ti là, wọn ò jẹ́ pààrọ̀ ẹ̀.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá.
Ẹ bi Kúdẹtì léèrè, lọ́dún tí onígbáméjì wọlé.
Àwọn ẹgbẹ́ wọn ń tò fún físà;
Dókítà ń ka kànga.
"Múfú, kọ ọ́: kànga Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ṣáláńgá."
Àwọn baálé rò pé ilẹ̀ la wá gbà,
ẹnìkan yọ àdá.
Dókítà ò jiyàn. Wọ́n tọrọ omi mímu,
wọ́n gbé ife sókè sí oòrùn, wọ́n wò ó pẹ́,
wọ́n wá nà án sí baálé:
"Ẹ bá mi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, Bàbá."
Bàbá wo omi.
Bàbá dà á nù.
Àdá padà sákọ̀.

Kànga ọ̀kànlélógójì,
ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì la kọ wọ́n sí.
Nídìí èyí tó kẹ́yìn la ti bá Sìkírátù, ọmọ ọdún mẹ́rin,
ojú ti jìn wọ agbárí.
Mo fọn fèrè ọkọ̀ títí dé Bẹẹrẹ, Bẹẹrẹ ò là.
A ò tí ì rí géètì Adéọ̀yọ́
tí Dókítà fi fọwọ́ kàn mí léjìká:
"Rọra máa wà á, Múfú. Kò kánjú mọ́."
Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ kàlẹ́ńdà.

Nígbà tí wọ́n di ọ̀gá pátápátá ní Sẹkitéríàtì,
kàlẹ́ńdà yẹn ni wọ́n gbé kọ́ ògiri.
Òṣìṣẹ́ á wọlé: "Mà, èèyàn méje l'Ólómi, mọ́kànlá l'Ágùgù."
Wọ́n á bọ́ awò ojú.
"Kí lorúkọ wọn?"
Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu.
"Ẹ padà lọ béèrè."

Ìwé kan dé, pé ká gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sẹ́yìn ilé olówó kan.
Dókítà ò buwọ́ lù ú.
Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó sílé láìgbowó.
Èmi náà jókòó, ìyàwó mi ń kùn.

Àná ni wọ́n fẹ̀yìn tì.
Ìjọba fún wọn ní aago ńlá kan tí kò ṣiṣẹ́.
"Múfú, yà sí Kúdẹtì."
Ọmọbìnrin kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ẹ̀rọ,
omi ń fọ́n sí wa lára, ó ń rẹ́rìn-ín.
Dókítà bẹ̀rẹ̀, wọ́n bi í lórúkọ.
N ò gbọ́ ohun tó dáhùn.
Omi ń pariwo.