Àyè Inú Aṣọ

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń wọn ènìyàn ní Mọ́kọ́lá.
Mo mọ ẹni tó ń fa ikùn mọ́ra bí mo bá na téèpù,
mo mọ ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n kọ méjìdínlógójì
níbi tí méjìlélógójì jókòó sí.
Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún un.
Ọwọ́ mi ló mọ èyí tí yóò rán.

Lóṣù Ẹrẹ́nà, Ìbídùnní gbé gáùn aláwọ̀ aró rẹ̀ dé:
“Àǹtí Télọ̀, ẹ bá mi dín in.”
Inú mi dùn. Mo dín in.
Dókítà ló ní kó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru,
ó sì ń rìn, láti Sáńgo dé Eléyẹlé, ní ìdájí,
bó bá ń bọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi
pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì gbígbóná nínú bébà, á há mi níbẹ̀.

Lóṣù Òkúdù, ó tún dé.
Ìrìn ti di eré.
Eré ti di àtẹ̀gùn ilé-ìṣọ́ Òkè Àrẹ,
gòkè, sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹwàá,
kí ará Bẹẹrẹ kankan tó ṣílẹ̀kùn.
Lálẹ́, ó ń fo okùn lẹ́yìnkùlé.
Ọjọ́ òjò ńkọ́? Ó ní òjò kì í ṣe àwáwí.
Ọjọ́ tí ibà bá dé ńkọ́?
Ó ní ibà a máa bá òógùn jáde.
Abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè mi, mi ò lè fèsì.
Mo tún dín in.

Lóṣù Ògún, mi ò fẹ́ na téèpù mọ́.
Egungun èjìká rẹ̀ gbé gáùn náà kọ́ bíi hángà.
Irun rẹ̀ jábọ́ sórí tábìlì mi
láàárín àwọn òwú tí mo já dànù.
Ọwọ́ rẹ̀ tútù nínú ooru,
bó bá fẹ́ dìde, á kọ́kọ́ bi ògiri.
Ó ní òun kì í rí oorun sùn,
nǹkan oṣù òun ti sọnù, òun ò tiẹ̀ wá a.
“Ṣùgbọ́n ó ku kílò méjì péré, Àǹtí Télọ̀.”

Kílò méjì.
Mo wo ibi tí yóò ti yọ ọ́, mi ò rí i.

Mo rántí ọdún tí mo gba aṣọ ilé-ìwé ọgọ́rin
tí mo ní ọjọ́ mẹ́ta ni màá fi rán an.
Mi ò dá ẹ̀rọ dúró, mi ò kán epo sí i.
Lóru ọjọ́ kejì, awọ rẹ̀ já, ó nà mí lórúnkún,
abẹ́rẹ́ kán sínú aṣọ ọmọ ọlọ́mọ.
Wọ́n ti wọlé tán kí n tó rán ogójì.

Mo ní: “Ìbídùnní, ìwọ̀n ni iṣẹ́ mi.
Ìwọ̀n kan náà ló wà nínú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.
Mi ò dín in mọ́.”
Ó bínú. Ó fi gáùn sílẹ̀, ó sáré lọ.
Àní, ó sáré.

Ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ ọ́ lórí àtẹ̀gùn.
Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ló jókòó tì í
títí ọlọ́kadà fi dé.
Dókítà kan, ọmọdébìnrin, bi í léèrè:
“Ọjọ́ wo lẹ fi ń sinmi láàárín ọ̀sẹ̀?”
Ó gbé ọwọ́ sókè kó kà á.
Ìka kan kò dìde.

Ọ̀wàrà ti fẹ́ẹ̀ parí báyìí.
Ó ti padà sí ọ̀nà Eléyẹlé, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀,
nígbà mìíràn mẹ́ta. Ó ń rìn.
Láàárọ̀ yìí, ó há mi ní bọ̀ọ̀lì,
ó wo gáùn lára ìkọ́, kò wí nǹkan kan.

Ohun tí n kò sọ fún un láti ọjọ́ yìí rèé:
gbogbo ìgbà tó ní kí n dín in,
mi ò fi àlùmọ́gàjí kàn án.
Mo kàn ń ká a sínú ni.
Inṣi mẹ́ta gbáko wà níbẹ̀,
aró rẹ̀ ṣì dúdú, oòrùn ò rí i rí.

Mo tú inṣi kan àtààbọ̀.
Ìyókù, mo fi í síbẹ̀.