Mẹ́sàn-án Nínú Mẹ́wàá

Wọ́n tún ń ṣa ọmọ tuntun lórí tẹlifíṣọ̀n.
Wọ́n ti fi okùn wọn àtẹ́lẹwọ́ wọn,
wọ́n ti fi aago ṣọ́ eré ẹsẹ̀ wọn.
Kò sí okùn tí í wọn orí.

Ní Tòlídò, Dẹ́lmà Kọ́síkì jókòó;
apá tó ń ju bọ́ọ̀lù la yìnyín kọjá
ń wá ẹnu ife.
Mẹ́sàn-án lòun náà gbà nígbà tiẹ̀.

Ta ló ka iye ìgbà tí wọ́n gbé e ṣánlẹ̀?
Lọ́rínì ìyàwó ẹ̀ ni.
Ó kà á dé igba ó lé mọ́kànlá,
ó dijú.

"Sọ fọ́mọ yẹn kó máa tètè jù ú."
"Mo ti sọ fún un."
Ajá wọlé. Dẹ́lmà wo fíríìjì,
níbi tí wọ́n lẹ orúkọ ajá mọ́.
"Sọ fún un, kó máa tètè jù ú."