Ẹ̀wù Tí Kò Sẹ́ni Tó Wá Gbà Á

Ní Mpape, wọ́n ń fọ́ òkúta láti àárọ̀ kùtù,
eruku rẹ̀ a sì máa bà lé aṣọ tí mo bá sá.
Alágbàfọ̀ ni mí. Ṣakí ni mo ti wá.
Òwú pupa ni mo fi ń ṣàmì sọ́rùn ẹ̀wù:
ojú abẹ́rẹ́ kan fún Alájì Garzali onílé,
méjì fún tíṣà,
mẹ́fà fún Nanfa, ọmọ ọlọ́kadà
tó fẹ́ràn ẹ̀wù funfun
bí ẹni pé eruku kì í bá òun tan.

Kí ẹ tó bi mí, ẹ jẹ́ n fẹnu ara mi sọ ọ́:
mo pàtẹ́wọ́.
Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ sójà mẹ́jọ gun òkè wá,
èmi náà sáré jáde, ọṣẹ ṣì ń hó lápá mi dé ìgúnpá,
mo pàtẹ́wọ́ títí ọṣẹ fi ta sí mi lójú.

Lọ́dún tó kọjá, ní Berger, lẹ́yìn ìṣhà,
mo wọ ọkọ̀ kan tí mo rò pé ọkọ̀ ni.
Wọ́n gba owó. Wọ́n gba fóònù.
Wọ́n gé ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi
nítorí pé mo pẹ́ kí n tó rántí nọ́ńbà káàdì báǹkì.
Wọ́n tì mí bọ́ọ́lẹ̀ lórí eré.
Ìka mẹ́sàn-án ni mo fi pàtẹ́wọ́ náà.
Ó sì dún.

Ìyá Mosún, tí wọ́n gún ọkọ rẹ̀ pa
torí fóònù oníná tọ́ọ̀ṣì,
kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Omi tútù ló gbé fún sójà.
"Ẹ má mú wọn lọ sí kóòtù," ó ní,
"kóòtù ni wọ́n ti ń padà wá."
Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Kí la fẹ́ sọ?
Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, a sá.
Àwa ò tilẹ̀ sá.
A ránṣẹ́ pe ìbọn sí ekòló.

Wọ́n ní ẹni tó bá dirun, kó bọ́ síta.
Ẹni tó bá fín ara, kó bọ́ síta.
Ẹni tí kò bá rí ẹlẹ́rìí ibi tó sùn lánàá.
Sójà kan gbé ọwọ́ Nanfa sókè,
ó fi àpá kan hàn wá nítòsí ọrùn ọwọ́, ó rí ṣóńṣó:
"Ẹ wo àmì ẹgbẹ́ wọn!"

Áyọ́ọ̀nù eléèédú mi ni.
Ó nawọ́ kọjá tábìlì láti mú ẹ̀wù rẹ̀,
ó pariwo, a jọ rẹ́rìn-ín,
n kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.
Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ló wà láàárín wa.
Ó wojú mi.
Àtẹ́wọ́ ṣì ń dún, tèmi wà nínú rẹ̀.

Òru ti dára báyìí, n kò ní purọ́.
Àwọn ọmọdé ń lọ ra búrẹ́dì ní aago mẹ́sàn-án,
àwọn onísúyà ń jókòó di ọ̀gànjọ́.
Rédíò ní nínú èèyàn mẹ́wàá tó pè wọ́n,
mẹ́sàn-án ló ní ìjọba ṣe é re.
Mo wo ọwọ́ mi.

Ẹ̀wù náà ṣì ń rọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀
mo ń tún un fọ̀, torí eruku.

Ìyá rẹ̀ ti Pankshin wá, ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé.
Ó fi Hausa bi mí bóyá mo mọ Nanfa.
Mo ní mo mọ ẹ̀wù rẹ̀.
Ó gbé e sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀.
Ọṣẹ nìkan ló ń rùn.
Ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó ní èló ni.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni ẹ̀wù funfun.
Mo fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn,
mo fi ọ̀tún gbà á.